Ìbùkún Inú Bisikíìtì Kan Ṣoṣo

Valence, Dagenham,
Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Bàbá mi, Àkànní, ọkọ ìyá mi,

Ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ tó ka lẹ́tà yìí. Ẹ̀fẹ̀ ni o! Ẹ jókòó yín jẹ́jẹ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù yín, èmi ni mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbàgbé pé nígbà tí mo fẹ́ kúrò n'Íjẹ̀bú-Òde wá bá ẹ̀yin àti Màámi nílùú ọba, ẹ kọ lẹ́tà ìmọ̀ràn ojú ìwé mẹ́rin sí mi. Ẹ ní, "Èkíní, Fèyíṣayọ̀, má fi olùkọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì, má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú rẹ̀." Mo ṣe méjèèjì kí oṣù kan tó pé. Nítorí náà mo mọ bó ṣe máa ń rí lára ẹni tí wọ́n bá kọ ìmọ̀ràn sí, mi ò sì ní bínú tí ẹ bá kọ́kọ́ yínmú.

Ẹ̀yin náà lẹ fà á. Ẹ̀yin tí ẹ fi wá sílẹ̀ lọ sí Scotland nítorí iṣẹ́ ọkọ̀ tuntun, ẹ pè wá lórí fídíò lọ́jọ́ Àìkú, bọ́tìnì ẹ̀wù yín ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ ní dókítà ti ní kí ẹ jò. Ẹ ní kí Màámi sọ ohun tó ń jẹ tí ọrùn rẹ̀ fi yọ báyìí. Màámi rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Bàbá Fèyí, ẹ bi ọmọ yín. Òun ló mọ ohun tí mo jẹ, òun náà ló mọ ohun tó fojú mi rí." Ẹ bi mí, mo ní mo máa kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi tí mi ò tíì yege ìdánwò, tí wọ́n ṣì ń bẹ̀ kí n yọjú sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀! Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Inú kèrègbè ni ọ̀rọ̀ yìí wà, Bàbá mi. Ẹ jẹ́ kí n bá yín tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ẹ mọ orúnkún Màámi, àmọ́ lẹ́yìn tí ẹ lọ ló wá burú. Ìdí ló fi ń gun àtẹ̀gùn ilé wa, á kọ ẹ̀yìn sí òkè, á máa wọ́ lọ bí ọmọ ọwọ́, á sì máa kọrin ẹ̀mí kí n má baà gbọ́ ìkérora rẹ̀. Níbi iṣẹ́ rẹ̀ nílé àwọn arúgbó, ẹni tó fẹ́ gbé dìde ló tún ń fa òun náà dìde. Dókítà ní orúnkún náà ti jẹ tán, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ jò ní kílò méjìlá. Bí kò bá jò, kò sí iṣẹ́ abẹ. Bí kò bá sí iṣẹ́ abẹ, á fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Èmi tí mo máa ń rí ẹ̀rín nínú ohun gbogbo, mi ò rí ẹ̀rín kankan níbẹ̀.

Màámi gé oúnjẹ kù lóòótọ́. Ẹ̀bà rẹ̀ wá kéré bí ìkúùkù ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìwọ̀n ò mì. Nọ́ọ̀sì wò ó títí, ó ní, "Mama, ṣé ó dá yín lójú pé ohun tí ẹ sọ pé ẹ ń jẹ nìkan lẹ ń jẹ?" Màámi sunkún nínú bọ́ọ̀sì láti ibẹ̀ délé. Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ.

Ẹ gba èkíní: ẹ má wo abọ́, ẹ wo àpò. Mo tú àpò iṣẹ́ Màámi wò. Mo bá chin-chin nínú ọ̀rá, mo bá ìpékeré, mo bá móòtì agolo méjì, mo bá bisikíìtì tí àwọn ọmọ arúgbó kan fún un pé ó ṣeun. Oúnjẹ tí a jókòó jẹ kọ́ ló ń mú wa sanra nílé wa, èyí tí a dúró jẹ ni. A kì í kà á mọ́ oúnjẹ. Ẹ bi Màámi ohun tó jẹ lónìí, á ní, "Mi ò tíì jẹun o." Ẹ̀yin náà, ẹ tọwọ́ bọ àpò ilẹ̀kùn ọkọ̀ yín. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ dà á síta kí ẹ tó kà síwájú. Mo ń dúró dè yín.

Ṣé ẹ ti dà á? Ó dáa.

Èyí tó tóbi jù ni ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe ní Castle Green: ẹni tó bá ṣọjọ́ ìbí á gbé bisikíìtì, súìtì, kéèkì àti jùúsì síwájú pẹpẹ, wọ́n á gbàdúrà sí i, wọ́n á pín in. Màámi ló ń pín in, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ìyókù ń sùn. Ohun tí a ti gbàdúrà sí, a kì í dà á nù. Bàbá mi, páálí ńlá kan wà lábẹ́ ibùsùn yín nígbà náà tí ó kún fún ìbùkún oníṣokoléètì. Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká ju èyí nù." Ó ní, "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Kí n kó ìbùkún sínú àpò ìdọ̀tí? Kí n wá sọ pé kí ni nígbà tí Ọlọ́run bá bi mí?" Bó ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìgbàgbọ́.

Èkejì wá ni àṣìṣe tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó dáadáa.

Ẹ mọ Ìyá Wòlíì wa. Ẹ mọ̀ pé á kọ́kọ́ húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó sọ̀rọ̀, á wá máa fa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fa omi kànga. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí Màámi ò lọ síbi iṣẹ́, mo wọ yàrá mi lókè, mo fi nọ́ńbà mi pamọ́, mo fi ohùn Ìyá Wòlíì pe Màámi nísàlẹ̀.

"Ẹ̀hẹ́n. Ẹ̀hẹ́n. Ẹ̀hẹ́n. Ìyá Fèyí, ọmọ mi, ọmọ Jésù."

"Ẹ̀ẹ́, Ìyá mi! Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mà!" Mo sì gbọ́ orúnkún náà tó ń dún nísàlẹ̀. Ó yẹ kí n ti dákẹ́ níbẹ̀.

"Ẹ̀mí fi hàn mí. Mo rí ohun dídùn, ó di òkúta, ó jókòó sórí orúnkún rẹ. Yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún."

"Mo gbà, Ìyá! Mo gbà, mo gbà, mo gbà!"

Mo sojú dé ìrọ̀rí, mo rẹ́rìn-ín títí inú fi dùn mí. Mo ní ó parí, ọjọ́ mọ́kànlélógún láìsí bisikíìtì, kílò á máa já bọ́ bí ewé. Mo gbàgbé ẹni tí ìyá mi jẹ́. Ọmọ Aládùúrà wo lẹ máa sọ ọjọ́ mọ́kànlélógún fún tí kò ní gbààwẹ̀? Lọ́jọ́ kejì, Màámi ò mu omi. Mo ní, "Màámi, ṣebí ohun dídùn nìkan ni wọ́n ní kí ẹ yà sọ́tọ̀?" Ó yíjú sí mi: "Ta ló sọ fún ọ?" Mo wọ yàrá mi lọ bí ìgbín tó wọ ìkarahun rẹ̀.

Ó gbààwẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó sì ń gbé arúgbó sókè sódò láàárín rẹ̀. Tí aago mẹ́fà bá lù, Bàbá mi, ìrẹsì, dòdò, búrẹ́dì, móòtì, gbogbo wọn á wọlé ní ìlà. Ebi tí èèyàn fi wákàtí méjìlá kó jọ kì í béèrè ọsàn tó bá dé.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, a jọ jáde lọ sí Heathway. Níwájú ibùdó ọkọ̀ ojú irin, òyì kọ́ Màámi. Ó di ògiri ṣọ́ọ̀bù adìyẹ díndín mú, ó rọra ń yọ̀ wálẹ̀ títí ó fi jókòó sílẹ̀. Obìnrin kan sáré gbé omi wá. Màámi mi orí: "Ó ku wákàtí mẹ́rin."

Mo ní, "Màámi, ẹ mu omi. Kì í ṣe Ìyá Wòlíì ló pè yín. Èmi ni."

"Fèyí, má fi orúkọ èèyàn Ọlọ́run ṣeré."

"Màámi, èmi ni!"

"O ò lè jẹ́ ìwọ. Mo mọ ohùn Ìyá mi."

Kí ni kí n ṣe? Mo lóṣòó níwájú gbogbo ayé, níbi tí àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ti ń kọjá, mo ní, "Ẹ̀hẹ́n. Ẹ̀hẹ́n. Ẹ̀hẹ́n. Ìyá Fèyí, ọmọ mi, ọmọ Jésù." Màámi gba omi náà. Ó mu ún tán láìgbé ojú kúrò lára mi. Bàbá mi, ẹ ti nà mí rí, olùkọ́ ti lé mi jáde ní kíláàsì rí, kò sí èyí tó dùn mí tó ojú yẹn.

Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, kílò kan ti fi kún un.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀, mo fi lé yín lọ́wọ́: ẹ má fi ebi jìyà kí ẹ lè jò. Nọ́ọ̀sì náà sọ bẹ́ẹ̀, ó ní kéèyàn jẹun lásìkò, kó sì ní ìpápánu tó dáa lọ́wọ́ kí ebi má baà di ọ̀gá. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rù tọ́ yín sọ́nà, ì báà jẹ́ èmi. Ẹ̀rù kì í bá èèyàn dé ọ̀nà jíjìn.

Màámi mú mi lọ bá Ìyá Wòlíì fúnra rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ìyá Wòlíì ní, "Ṣe ohùn náà kí n gbọ́."

"Mà?"

"O ò gbọ́ ni? Ṣe é."

Mo ṣe é. Mo húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá àgbà yìí rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀, ó ń na ìka sí Màámi, "Èmi nìyẹn! Ìyá Fèyí, èmi nìyẹn lóòótọ́!" Àfi bí ẹ̀rín ṣe dúró lójijì. Ó ní, "O fi ohùn mi febi pa ìyá rẹ. Ọwọ́ rẹ ni wàá fi bọ́ ọ. Láti ọ̀la lọ, ìwọ ni wàá máa di ìpápánu rẹ̀ lójoojúmọ́ títí orúnkún yìí á fi rí àtúnṣe. Ọjọ́ tí o bá gbàgbé, wá gbá ṣọ́ọ̀ṣì yìí láti ẹnu ọ̀nà dé pẹpẹ."

Màámi wá béèrè ọ̀rọ̀ páálí abẹ́ ibùsùn, ó ń wo ilẹ̀. Ìyá Wòlíì ní, "Ìbùkún tó wà nínú bisikíìtì kan, ṣé ó kéré sí ti odidi páálí ni?"

"Rárá, mà."

"Jẹ ẹyọ kan ṣoṣo, ṣe àmín, kí o kó ìyókù fún àwọn tí ara wọn ń fẹ́ ẹ."

Bàbá mi, ọdún mélòó ni Màámi ti ń ru ẹrù yẹn! Mo rí i tí èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í lè jẹ́ kí oúnjẹ ṣòfò, tí ẹ máa ń jẹ àjẹkù mi, àjẹkù Màámi, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Ikùn yín kì í ṣe ibi tí à ń kó ohun tí a ò fẹ́ dà nù sí.

Ó wá kù mí ku ìpápánu dídì. Nọ́ńbà ìmọ̀ràn ti sọnù mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n kàn máa sọ ọ́ lọ.

Mo kọ́kọ́ ya òmùgọ̀. Mo ra kinní jíjẹ gbọọrọ kan tí wọ́n ya ewé àti oyin sí lára, mo rò pé ohun ìlera nìyí. Nígbà tí mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ṣúgà ló wà ní ipò kejì. Ohun tó bá pọ̀ jù nínú oúnjẹ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ, nọ́ọ̀sì ló kọ́ mi. Nítorí náà, iwájú páálí, olórin ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Ẹ yí i padà kí ẹ tó sanwó. Ẹ má sì wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ebi, ẹni ebi ń pa kì í ka ìwé.

Ẹyin sísè ni ọ̀gá. Ẹ se mẹ́fà sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ tọ́jú u sínú fíríìjì, méjì á gbé yín dé oúnjẹ alẹ́. Ẹ̀pà sísè dáa, pàápàá èyí tó ṣì wà nínú èèpo, torí pé kí èèyàn tó bó ogún, ikùn ti gbọ́ pé oúnjẹ ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀pà lọ́ràá nínú, ìkúnwọ́ kan ni o, ọwọ́ Màámi la ó sì fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ọwọ́ yín tó dà bí ṣọ́bìrì. Gúgúrú tí a yan nílé láìfi ṣúgà sí, abọ́ kan kún, kò wúwo. Ìgbá tútù, kùkúḿbà, kárọ́ọ̀tì, kó máa dún nínú ẹnu, torí pé dídún yẹn gan-an ni ẹnu ń wá nígbà tó ń wá ìpékeré. Ọsàn, ẹ jẹ ẹ́, ẹ má mu ún nínú páálí. Mọ́ínmọ́ín kékeré kan tí epo rẹ̀ ò pọ̀. Yógọ́ọ̀tì tí kò dùn, ẹ gé ápù sí i, á dùn. Kí ẹ tó tọwọ́ bọ èyíkéyìí, ẹ mu omi. Ẹ sì páàkì ọkọ̀ kí ẹ tó jẹun, ẹ̀yin dírẹ́bà yìí!

Màámi ò fẹ́ràn rẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ní, "Ṣé ehoro ni mo bí ni?" Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé pélébé sínú abọ́ rẹ̀, ohùn ẹlòmíràn lójoojúmọ́. Mo fi ohùn nọ́ọ̀sì kọ ọ́: "Mama, mo ń wò yín o." Mo fi ohùn yín kọ ọ́: "Èkíní, jẹ ẹyin yìí. Èkejì, má wo bisikíìtì yẹn lójú." Ó ń kà á sókè fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó wá di pé wọ́n ń dúró de àkókò ìsinmi kí Màámi lè ṣí abọ́. Obìnrin ará Gánà kan níbẹ̀ ti ń gbé kárọ́ọ̀tì tirẹ̀ náà wá. Ẹ wá ẹni tí ẹ jọ máa ṣe é, Bàbá mi. Àdájẹ kì í jẹ́ kí ìpinnu pẹ́.

Èyí tí mo fẹ́ sọ tẹ̀ lé e yìí, mi ò ní fi ohùn ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Màámi wọlé, ètè rẹ̀ kún fún ṣokoléètì. Mo fẹ́ bínú. Ó ní, "Ìyá arúgbó tí mo máa ń wẹ̀ ti kú láàárọ̀. Mo ra odindi páálí kan, mo jẹ ẹ́ tán nínú bọ́ọ̀sì." Mo jókòó tì í. Kò sí ẹyin tó lè ṣe ohun tí bisikíìtì yẹn lọ ṣe, torí pé ebi kọ́ ló ń pa á. Bàbá mi, ó dá mi lójú pé gbogbo ohun tí ẹ ń jẹ lórí títì gígùn yẹn, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ebi. Ìdákẹ́jẹ́ ọkọ̀ yẹn ni. Tó bá ń ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ pè mí. Màá fi ohùn gbogbo àdúgbò Ìjẹ̀bú-Òde bá yín sọ̀rọ̀ títí ó fi máa kọjá. Lọ́jọ́ kejì, ẹ padà sídìí ẹyin yín. Màámi padà. Ọjọ́ kan kì í ba ọ̀nà jẹ́, àfi téèyàn bá jókòó síbẹ̀.

Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Wòlíì kéde pé èso ni kí a máa gbé wá síwájú pẹpẹ fún ọjọ́ ìbí. Bàbá Alága ìjọ kùn, "Ṣé ọsàn la máa wá fi ṣọjọ́ ìbí ni?" Ìyá Wòlíì ní, "Kí ni wọ́n fi ṣe é kí bisikíìtì tó dé ayé?" Ó parí síbẹ̀. Ọ̀pẹ òyìnbó ń run gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, àwọn tó ń kọjá lójú títì A13 ṣáà ń gbóòórùn wa.

Ó wá ku òní. Màámi ní kí n má sọ ọ́ lórí fóònù, inú ìwé ni kí ẹ ti kà á.

Ní òwúrọ̀ yìí ni wọ́n wọ̀n ọ́n ìkẹyìn. Ó bọ́ bàtà, ó bọ́ gèlè, ó bọ́ yẹtí pàápàá. Nọ́ọ̀sì wo ìwọ̀n. Ó ní, "Kílò mẹ́tàlá." Màámi ní, "Ẹ tún un wò." Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gùn ún. "Mama, kílò mẹ́tàlá lẹ fi jò. Méjìlá la béèrè." Ó yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, ó ní, "Orúkọ yín ti wọlé fún iṣẹ́ abẹ. Wọ́n á kọ ọjọ́ ránṣẹ́ sí yín." Bàbá mi, igbe tí Màámi ké! Àwọn tó jókòó níta rò pé wọ́n ń fa eyín ẹnìkan. Nígbà tí a jáde tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, títí dé bàbá òyìnbó kan tó fi òògùn etí rẹ̀ sílẹ̀ kó lè pàtẹ́wọ́.

Mo ní ká wọ bọ́ọ̀sì. Màámi kọ̀. A rọra gba inú Valence Park wálé, ó fara tì mí, ẹsẹ̀ kan ń dùn ún, ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́. Ó ń bá orúnkún náà wí: "Ìwọ yìí! O fojú mi rí màbo, àbí? Wọ́n ti rí ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Rìn! Rìn, kí o máa wò, torí pé a ò jọ ní dé ọdún tó ń bọ̀."

Àkànní, ẹ gbàyè níbi iṣẹ́ yín sílẹ̀ de ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà. Níbi yòówù tí ẹ ti ń ka ìwé yìí lórí títì Scotland, ẹ tẹ họ́ọ̀nù ọkọ̀ akẹ́rù yẹn, kó gùn, kí àwọn àgùntàn ibẹ̀ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ìyàwó yín ti ṣẹ́gun.

Ọmọ yín tó fi ọ̀sán kan jẹ òbí lé yín lórí,
Fèyíṣayọ̀.